Bí Èmi àti Àwẹ̀ró Ṣe Kọ́ Àpótí Irin Ọba Iwin ní Eré Nọ́ńbà

Ẹ sún mọ́ ara yín, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí àyè wọlé. Òjò yìí kò ní dá láìpẹ́, kò sì sí ẹni tó máa rí oko lọ lónìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí òjò bá ká yín mọ́ abẹ́ àtíbàbà Ọdẹ́dínà, ọ̀rọ̀ ni ẹ ó jẹ lóúnjẹ. Èmi Ọdẹ́dínà ọmọ Akíntáyọ̀ rèé, èmi tí ẹfọ̀n rí tó dọ̀bálẹ̀, èmi tí ẹkùn ń fi orúkọ mi dẹ́rù ba àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n lè tètè sùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín á bọ́ sí ìdí ibi tó ń jò yẹn.

Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ilẹ̀ ìlú wa bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Bó bá ti mì báyìí, kànga kan á ya lulẹ̀. Kànga ọjà ló kọ́kọ́ lọ, ti ilé Baálẹ̀ tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ya lọ títí ó fi ku kànga kan ṣoṣo ní gbogbo ìlú. Àwọn obìnrin á tò sídìí rẹ̀ láti àárọ̀, omi tí wọ́n á sì rí fà kò ní ju èyí tí wọ́n máa fi bọ́ ojú lọ. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè mí.

Ó ní, "Ọdẹ́dínà, àwọn àgbà ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ọba Iwin tó wà lẹ́yìn Igbó Ẹ̀rín ló ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. A kò mọ ohun tó ń bí i nínú. Lọ bá a kí kànga tó kù yìí tó ya."

Mo ní, "Baálẹ̀, ṣé kí n mú un wá láàyè ni, àbí orí rẹ̀ nìkan ni kí n gbé wá?"

Baálẹ̀ wò mí títí. Ó ní, "Lọ bẹ̀ ẹ́."

Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi. Àwẹ̀ró tó jókòó síbẹ̀ yẹn ni, tó ń bó ẹ̀gúsí tó ń ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ó ti ń di àpò.

Mo ní, "Níbo lò ń lọ?"

Ó ní, "Mò ń bá yín lọ. Bàbá Bọ́sẹ̀dé, ẹ̀yin tí wọ́n rán lọ ra iyọ̀ lọ́jà tí ẹ gbé àlùbọ́sà wálé, ta ni yóò rántí ohun tí Baálẹ̀ rán yín?"

Ó gbé àpò tirẹ̀, mo gbé ìbọn tèmi, a kọrí sígbó.

Èmi kò ní fi ọ̀nà da yín láàmú. A rìn títí ó fi rẹ ọ̀nà tìkara rẹ̀. Bí a ṣe wọ Igbó Ẹ̀rín ni ẹ̀ka igi kan rọra sọ̀ kalẹ̀, ó ki ewé bọ abẹ́ abíyá mi, ó ń họ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi. Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá ń wò mí báyìí, ẹ lè rò pé èmi kì í ṣe ẹni tí igi lè fi ṣeré, ṣùgbọ́n ẹ lọ dúró sábẹ́ igi náà kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀ títí tó fi ṣubú, gbòǹgbò á wé mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, ó sì parí fún un nìyẹn. A rí agbárí àwọn tó ti kọjá ṣáájú wa nílẹ̀ káàkiri, gbogbo wọn ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Mo ti fẹ́ẹ̀ ṣubú. Àwẹ̀ró náà ti di ikùn mú, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó fi tipátipá sọ̀rọ̀ láàárín ẹ̀rín, ó ní, "Bàbá Bọ́sẹ̀dé, mo gbàgbé láti sọ fún yín. Àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo ọmọ wọn ń bọ̀ wá bá wa gbé títí ọdún yìí fi máa tán."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi bí omi inú páànù gbígbóná. Ewé ń họ mí, n kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Mo wo Àwẹ̀ró tí ẹ̀rín fẹ́ wó mọ́lẹ̀, mo ní, "Kò burú. Ìyá mi náà ní òun ń bọ̀, òun ni yóò sì máa dáná." Ojú Àwẹ̀ró dúdú lójú ẹsẹ̀. Báyìí ni àwa méjèèjì ṣe fajú ro gba inú Igbó Ẹ̀rín já.

Lẹ́yìn igbó ni ibodè ìlú Ọba Iwin. Iwin tó ń ṣọ́ ọ kò ní ju ẹnu lọ. Ẹnu náà fẹ̀ láti ògiri kan dé ìkejì, òun gan-an ni ilẹ̀kùn. Ó ní kò sí ẹni tó máa kọjá láìjẹ́ pé ó mọ iye eyín tó wà nínú òun. Ó ní iye náà kò dín ní ẹyọ kan, kò sì ju ọgọ́rùn-ún lọ. Tí a bá dá a, òun á sọ fún wa bóyá ó pọ̀ jù tàbí ó kéré jù.

Mo ní, "Ẹyọ kan."

Ó ní, "Ó kéré jù."

Mo ní, "Méjì."

Ó ní, "Ó kéré jù."

Mo ń kà á lọ bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ẹ̀ dé ogún, ọ̀fun mi ti gbẹ, nígbà tí Àwẹ̀ró fi ìgbúnwọ́ gún mi. Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Bí ẹ ṣe ń kà á yìí, a lè wà níbí títí di ìrọ̀lẹ́." Ó kọjú sí ẹnu náà, ó ní, "Àádọ́ta."

"Ó pọ̀ jù."

Àwẹ̀ró yí padà sí mi. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sọ̀rọ̀, ìdajì ti lọ. Àárín ni kí ẹ máa bọ́ sí. Èyí tó bá sọ fún yín, ẹ gé ìyókù sí méjì, kí ẹ tún bọ́ sí àárín rẹ̀." Ó ní, "Márùndínlọ́gbọ̀n." Ẹnu ní ó kéré jù. Ó ní, "Méjìdínlógójì." Ẹnu ní ó pọ̀ jù. Ohùn rẹ̀ ti ń rọ̀. Nígbà tí Àwẹ̀ró dé márùndínlógójì, ẹnu náà la ara rẹ̀ gbàgà, a gba orí ahọ́n rẹ̀ wọ ìlú. Mo gbọ́ tó ń kùn lẹ́yìn wa pé láti ìgbà tí òun ti ń ṣọ́ ibodè, òun kò rí obìnrin tó yára báyẹn rí.

Ìlú náà dùn ún wò. Òrùlé ni àwọn ilé ibẹ̀ fi ń dúró, ilẹ̀ ilé ló kọjú sókè, àwọn iwin sì dé fìlà sí orúnkún wọn, ẹni tó bá fẹ́ kí ọ á ṣí orúnkún. A kí wọn títí a fi dé ààfin.

Ọba Àìtàsé ni wọ́n ń pe ọba náà. Ó ga bí ọ̀pẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rí bí ọkọ̀ ojú omi. Olóyè kan dúró tì í, wọ́n ń pè é ní Olóyè Bẹ́ẹ̀ni, nítorí pé kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè sọ fún ọba. Nígbà tí mo jíṣẹ́ tán, ọba mí kanlẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ ọdẹ, ó ti sú mi ni. Bí mo bá sáré, gbogbo àwọn tí a jọ ń sá á ṣubú kí n lè ṣíwájú. Bí mo bá ta ayò, ọmọ ayò ẹni tí a jọ ń ta á parẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí eré tí mo ṣe tí n kò borí. Bí mo bá borí, inú á bí mi, mo sì gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ janlẹ̀."

Olóyè Bẹ́ẹ̀ni ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí."

Ọba ní, "Mo fẹ́ eré tí n kò ní mọ bó ṣe máa parí. Bí oòrùn bá kan orí igi àràbà yẹn tí ẹ kò tíì fún mi, ẹ ó di òpó ààfin mi." Ó nawọ́ sí àwọn òpó tó yí wa ká. Mo wò wọ́n dáadáa. Òpó kan jẹ́ akọrin, ẹnu rẹ̀ ṣì là. Òmíràn jẹ́ onídán, ẹyin adìyẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹlòmíràn bá ni, ì bá ti sá. Èmi Ọdẹ́dínà, mo dúró. Ẹsẹ̀ mi ló kọ̀ láti gbéra, ṣùgbọ́n mo ṣáà dúró. Mo rántí eyín ẹnu ibodè. Mo ní, "Kábíyèsí, eré wà. Èmi yóò mú nọ́ńbà kan sínú, láti orí ení dé ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yin ẹ dá a."

Ọba ní, "Àádọ́rin."

Mẹ́tàdínlógún ni mo mú sínú. Mo fẹ́ sọ pé ó pọ̀ jù. Olóyè Bẹ́ẹ̀ni rìn sẹ́yìn mi, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí mi létí. Ó ní, "Akọrin tó wà níbẹ̀ yẹn, ó sọ fún Kábíyèsí pé orin wọn kò bá ohùn mu." Mo wo akọrin. Mo wo ọba. Mo ní, "Ẹ gbà á, Kábíyèsí." Bí ẹ̀yin náà bá wà níbẹ̀, ohun tí ẹ máa sọ nìyẹn.

Ojú ọba rẹ̀wẹ̀sì. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó jan án mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ nínú mi pé kànga tó kù nílé ti mì.

Àwẹ̀ró ni kò wo òpó. Igun yàrá ló ń wò. Àpótí irin kan wà níbẹ̀ tí eruku ti bò. Ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, kò sí àwòrán kankan níbẹ̀, àfi ìlà ìmọ́lẹ̀ kékeré kan tó ń ṣẹ́jú, tó ń ṣẹ́jú, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n rán òun níṣẹ́. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àwọn bọ́tìnnì wà, wọ́n kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sí wọn lára. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí á ní kọ̀ǹpútà ni. Ẹ pè é bí ẹ ṣe fẹ́. Àwọn iwin ń pè é ní Ṣebímotiwí.

Àwẹ̀ró ní, "Olóyè, kí ni èyí ń ṣe?"

Olóyè Bẹ́ẹ̀ni ní, "Ohun tí ẹ bá kọ sí i ló máa ṣe, láti ìlà òkè wá sí ìsàlẹ̀. Kò ní fi tirẹ̀ kún un, kò sì ní yọ nínú rẹ̀. Kò mọ ẹni tí ń jẹ́ ọba. Wọ́n gbé e wá, kò kí Kábíyèsí, la bá tì í sí igun."

Àwẹ̀ró wò mí. Mo wo Àwẹ̀ró. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni àwa méjèèjì ti pàdé, ìwé kò ṣòro fún wa. Mo fi apá aṣọ nu eruku kúrò, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka kan ṣoṣo. Mo kọ ọ́ pé: Mú nọ́ńbà kan láti orí ení dé ọgọ́rùn-ún. Fi pa mọ́. Bi ẹni tó ń ṣeré pé kí ni nọ́ńbà náà.

Ṣebímotiwí bi mí. Mo tẹ àádọ́ta. Ó dákẹ́. Mo retí títí, ó ń ṣẹ́jú sí mi.

Mo ní, "Kò dáhùn."

Àwẹ̀ró ní, "Ṣé ẹ sọ fún un pé kó dáhùn?"

N kò sọ fún un. Mo bá kọ ọ́ sí i pé bí ìdáhùn bá ju nọ́ńbà náà lọ, kó kọ "Ó pọ̀ jù", bí kò bá tó o, kó kọ "Ó kéré jù", bí wọ́n bá dọ́gba, kó kọ "Ẹ gbà á, Kábíyèsí." Mo tẹ àádọ́ta. Ó ní ó pọ̀ jù. Inú mi dùn, mo fẹ́ tẹ òmíràn, ó ti parí iṣẹ́ tirẹ̀, ó ti tún ń ṣẹ́jú. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pátápátá pé: Padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo wàhálà. Mo tẹ àádọ́ta, ó ní ó pọ̀ jù. Mo tẹ ogójì, ó ní ó kéré jù. Mo tẹ márùndínláàádọ́ta, ó ní ó pọ̀ jù. Mo padà tẹ ogójì yẹn kan náà, ó ní ó pọ̀ jù. Mo dìde dúró, mo ní, "Àpótí yìí ń purọ́, Àwẹ̀ró, gbé ìbọn mi wá."

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ jókòó. Ẹ̀yin ni ẹ ní kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ibo ló ti ń mú nọ́ńbà?"

Mo wò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ni. Gbogbo ìgbà tó bá padà, nọ́ńbà tuntun ló ń mú. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi fẹ́ ṣubú, láìsí igi kankan nítòsí.

Àwẹ̀ró ní kí n jẹ́ kó padà sí ibi ìbéèrè nìkan, tí ìdáhùn kò bá tíì dọ́gba. Ṣùgbọ́n mo ti yára tẹ̀ ẹ́, ibi tí mo ní kó padà sí wà lẹ́yìn ìbéèrè. Mo dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó pọ̀ jù. Ó tún ní ó pọ̀ jù. Ó ní ó pọ̀ jù ó pọ̀ jù ó pọ̀ jù, ó ń dà lójú rẹ̀ bí àgbàdo tí ń dà nínú àpò tó ya. Ara rẹ̀ gbóná, èéfín ń rú. Àwọn iwin dé fìlà orúnkún wọn dáadáa, wọ́n sá. Oòrùn ti kan ẹ̀ka òkè igi àràbà. Ọba ti ń dìde.

Olóyè Bẹ́ẹ̀ni ké láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé, "Bọ́tìnnì igun òsì àti lẹ́tà tó dà bí òṣùpá tó gé, ẹ tẹ̀ wọ́n pọ̀." Àwẹ̀ró tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ṣebímotiwí dákẹ́. A gbé ibi tó máa padà sí lọ sókè, ṣáájú ìbéèrè. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó ṣe é. Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ wá."

Ọba Àìtàsé tẹ àádọ́rin.

Ṣebímotiwí kọ ọ́ gbàgàdà pé: Ó pọ̀ jù.

Olóyè Bẹ́ẹ̀ni dákú. Kò sí ẹni tó gbé e. Ọba ní, "Kí ló wí?" Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó ní, "Ó ní ó pọ̀ jù, Kábíyèsí."

"Ṣé mo tàsé ni?"

"Ẹ tàsé, Kábíyèsí."

Ọba wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. Inú bí i, ó bá fi ìbínú tẹ̀ ẹ́ pé: Ọgọ́ta ni, èmi ọba ni mo wí bẹ́ẹ̀. Ṣebímotiwí kò mọ ohun tó máa fi ìyẹn ṣe, nọ́ńbà ló ń retí. Ó kọ ọ̀rọ̀ pupa kan sójú rẹ̀, eré náà dá, ó tún ń ṣẹ́jú. Mo di ojú. Mo ti ń ronú irú òpó tí èmi yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ti jókòó sídìí rẹ̀, ó kọ ìlà kan sí i: bí ohun tí wọ́n tẹ̀ kì í bá ṣe nọ́ńbà, kó bẹ ẹni náà pé kó fi nọ́ńbà dáhùn, kó sì tún bi í.

Ó ní, "Kábíyèsí, kò ṣeé pa láṣẹ. Ẹ dá a ni."

Ọba tún jókòó. Àádọ́ta: ó kéré jù. Ọgọ́rin: ó pọ̀ jù. Ó ń họ orí. Ọgọ́ta: ó kéré jù. Ó ti tẹ̀ síwájú, ẹnu rẹ̀ là, oòrùn ti kan orí àràbà, kò wo oòrùn. Àádọ́rin: ó pọ̀ jù. Ó gbé ìka sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí márùndínláàádọ́rin.

Ẹ gbà á, Kábíyèsí.

Ọba ní, "Ṣé òótọ́ ni, àbí ẹ ní kó sọ bẹ́ẹ̀?"

Àwẹ̀ró ní, "Kò mọ̀ yín, Kábíyèsí. Bí ẹ bá tàsé, ì bá sọ."

Ọba Iwin bú sẹ́kún, ẹkún náà di ẹ̀rín, ó dìde, ó ń sáré kiri ààfin, ó ń di olúkúlùkù mú lápá. "Mo tàsé," ló ń wí, "mo tàsé, mo tún tàsé, mo wá gbà á." Bó ṣe ń fara gbá àwọn òpó, wọ́n ń sín, wọ́n ń di ènìyàn. Akọrin parí orin tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹyin já bọ́ lọ́wọ́ onídán.

Nígbà tó rẹ ọba díẹ̀, ó padà wá. Ó ní, "Ẹ tún un ṣe." Ṣebímotiwí ti parí eré, kò sí ẹni tó ní kó tún bẹ̀rẹ̀. Ọba kọjú sí wa, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé kò ní jẹ́ kí a lọ mọ́ láyé.

Àwẹ̀ró fa àga fún un. Ó ní, "Kábíyèsí, èyí kò le. Ẹ̀yin tìkara yín ni ẹ ó kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó bi ẹni tó ṣeré tán bóyá ó fẹ́ tún ṣe é."

Ọba kọ ọ́ pẹ̀lú ìka ńlá rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. Àpótí bi í bóyá ó fẹ́ tún ṣe é, ó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni," eré kú pátápátá. Ó ti kọ ọ́ pé bí wọ́n bá ní rárá ni kó tún bẹ̀rẹ̀. Olóyè Bẹ́ẹ̀ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí pàtẹ́wọ́, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí, ó dára gan-an."

Ọba kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Kò dára. Mo tàsé. Kúrò níbi ìmọ́lẹ̀, jẹ́ kí n wò ó."

A kí i pé ó dàbọ̀, kò gbọ́. Adé rẹ̀ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti ká ẹsẹ̀ ńlá méjèèjì sábẹ́ ìdí lórí àga, ó ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè fún ara rẹ̀.

Nígbà tí a délé, wọ́n ti ń gbẹ́ kànga ọjà padà, ẹrẹ̀ tutù wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Baálẹ̀ wá pàdé wa lójú ọ̀nà. Mo ti fa àyà sókè láti ròyìn ogun tí mo jà, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ló bi.

Ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀dé, ṣé kò ní fẹsẹ̀ janlẹ̀ mọ́?"

Àwẹ̀ró sọ àpò kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Baálẹ̀. Kò ráyè."